Kúróòmù Kì í Ṣe Àwọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé ara wa láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀dà sílífà kì í ṣe kúróòmù. Kò jẹ́ ẹ rí, kò sì lè jẹ́ ẹ láéláé, bó ti wù kí wọ́n kọ "chrome" gàdàgbà sára agolo rẹ̀ tó. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Gbọ̀ngán wọ Ẹdẹ, tó sì gba Ẹdẹ kọjá sí Òṣogbo, á ti rí i lára ọkọ̀ lóríṣiríṣi: bọ́ńpà tí wọ́n fín ní sílífà, tó wá rí bí ìkòkò tí wọ́n fi eérú fọ̀. Wọ́n á ní àwọn ti "kúróòmù" ẹ̀. Irọ́ ni. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ eérú ni.

Ọkọ̀ ńlá kọ́ ni tiwa ṣá o. Àwa tí à ń kọ èyí jẹ́ ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ní Ẹdẹ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tá a bá ti pa kọ̀ǹpútà dé, ọkọ̀ àwòṣe la máa ń jókòó tì, ìyẹn ọkọ̀ kékeré téèyàn wo ọkọ̀ gidi ṣe, tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ bá ti ọkọ̀ gidi mu ní ìwọ̀n. 1:24 ni ìwọ̀n tá a fẹ́ràn jù: ohun tó bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24 lára ọkọ̀ gidi, sẹ̀ǹtímítà 1 péré ni lára tiwa. Ẹ mú Volkswagen tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ìjàpá, èyí tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó lọ́dún 1975. Ó gùn tó nǹkan bíi mítà 4. Ní ìwọ̀n 1:24, sẹ̀ǹtímítà 17 ló máa jẹ́, kò ju ọwọ́ téèyàn tẹ́ lọ. Ìjàpá yìí ní bọ́ńpà kúróòmù níwájú àti lẹ́yìn, ó ní ìdérí kúróòmù láàárín táyà, ó ní òrùka kúróòmù tó yí iná iwájú ká. Bí kúróòmù yẹn ò bá jọ kúróòmù, gbogbo iṣẹ́ yòókù di asán. Ẹ lè kun ara ọkọ̀ náà kó dán bí i ojú omi, bọ́ńpà á ṣáà máa pariwo pé, "Ike ni mí, ike ni mí!"

Ohun tá a fẹ́ bá àwọn èèyàn wa jà sí nìyí: wọ́n rò pé inú agolo ni dídán wà. Wọ́n gbà pé ohun téèyàn fín sókè ló ń ṣe iṣẹ́. Àwa ń sọ pé abẹ́ ló ń ṣe é.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ lásán, ẹ bá wa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe kúróòmù gidi. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ ha irin náà, wọ́n á dán an títí á fi jọ̀lọ̀. Wọ́n á wá rì í sínú omi kẹ́míkà, wọ́n á fi iná mànàmáná gbé níkẹ́ẹ̀lì lé e lórí. Nígbà mìíràn wọ́n á ti tẹ́ bàbà sábẹ́ níkẹ́ẹ̀lì náà. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni kúróòmù tó dé. Ó sì fẹ́lẹ́ débi pé, lára ohun tí wọ́n fi ṣe ẹwà bíi bọ́ńpà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Níkẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ lè nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí ogún. Dídán tó ń wọ̀ wá lójú yẹn, níkẹ́ẹ̀lì abẹ́ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Kúróòmù kàn fi àwọ̀ búlúù fírí kún un ni, ó sì ń dáàbò bò ó kó má baà ṣá. (Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé kẹ́ ẹ lọ dán irú ẹ̀ wò lẹ́yìnkùlé o. Májèlé ni kẹ́míkà inú omi kúróòmù yẹn, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ.)

Ike tó ń dán tó máa ń wà nínú páálí ọkọ̀ àwòṣe tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ńkọ́? Ìyẹn ò ní kúróòmù kankan nínú. Alumíníọ̀mù ni. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀dà tó jọ̀lọ̀ kun ike náà, wọ́n á gbé e sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, wọ́n á wá mú alumíníọ̀mù gbóná títí á fi di oru, oru náà á sì bà lé ike. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó rẹ ẹyọ kan sínú Hypo tàbí Jik, kó fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Dídán yẹn á ṣí lọ ráúráú, ọ̀dà abẹ́ á sì kù síbẹ̀ ní jíjọ̀lọ̀ rẹ̀. Dígí ara ògiri ilé yín náà kò yàtọ̀: gíláàsì ló jọ̀lọ̀, irin fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ kàn bá a jọ̀lọ̀ ni. Ẹ ha gíláàsì náà kó di págunpàgun, ká wá wo ẹni tó máa rí ojú ara ẹ̀ níbẹ̀.

Àwa tá a ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ò tiẹ̀ lè díbọ́n pé a ò mọ èyí. Lọ́dún 1976, James Blinn àti Martin Newell fi hàn bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ya ohun tó ń dán bíi dígí. Wọn ò wá àwọ̀ tuntun kan kiri. Àwòrán àyíká ni wọ́n mú, wọ́n ní kí ojú nǹkan náà máa dá a padà. Títí di òní, ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ya kúróòmù, nọ́ńbà pàtàkì kan ló máa ń yí, èyí tó ń sọ bí ojú nǹkan ṣe rí págunpàgun sí. Bó bá sún mọ́ òdo, ó di dígí. Bó bá gòkè, irin náà ò yí padà, àmọ́ á ṣókùnkùn bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kúróòmù ò ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí Ìjàpá bá dúró lójú ọ̀nà ní Òkè Gádà, sánmà ló máa wà lókè bọ́ńpà rẹ̀, ilẹ̀ pupa ló máa wà nísàlẹ̀, ìlà dúdú ibi tí méjèèjì ti pàdé ló máa gba àárín kọjá. Ẹ wo bọ́ńpà gidi dáadáa: dúdú tó wà lára ẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Kí ló wá wà nínú agolo sílífà? Ẹ̀rún alumíníọ̀mù tó ń léfòó nínú ọ̀dà. Bí ọ̀dà bá gbẹ, ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan sùn síbi tó wù ú, ó kọjú síbi tó wù ú, ó sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà síbi tó wù ú. Ọjà tí gbogbo èèyàn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò sí bá a ṣe máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Tọkọ̀ kékeré tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ẹ̀rún kan fẹ̀ tó ìdá 40 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Lára ọkọ̀ gidi, ta ló máa rí i? Lára ọkọ̀ 1:24, ó dúró fún ohun tó fẹ̀ tó mìlímítà 1. Ta ló ti rí bọ́ńpà tí ara ẹ̀ rí bíi gààrí? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìnípọn. Ọ̀dà tó nípọn ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lára ọkọ̀ àwòṣe dà bí ohun tó nípọn ní mìlímítà 2.4 lára ọkọ̀ gidi. Gbogbo etí tó mú ti kú nìyẹn, gbogbo lẹ́tà tó yọ ti rì.

Nígbà tá a bá sọ báyìí, àwọn kan á dá wa lóhùn pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Wọ́n á ní àwọn òyìnbó ní Alclad, wọ́n ní Molotow tó ń ti Jámánì wá, wọ́n ní Bare-Metal Foil tó ń ti Amẹ́ríkà wá, àwa ò ní nǹkan kan, ìyẹn la ṣe ń fín sílífà. A ò bá wọn jiyàn pé ọjà wọ̀nyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí àwọn tó ń lo Alclad fúnra wọn ń sọ: kí ẹ tó fín kúróòmù rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kun abẹ́ ní dúdú tó ń dán, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ fín in fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí kò lágbára. Ẹni tó bá fi owó rẹpẹtẹ ra agolo yẹn, tó wá fín in sórí ike tí kò jọ̀lọ̀, sílífà olówó gọbọi ló ní. Owó lè ra ohun tó ń lọ sókè. Kò ra abẹ́.

Abẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé kò sí l'Ẹ́dẹ ni? Ó kúnlẹ̀. Sáńdípépà omi nọ́ńbà 1000, 1500 àti 2000 tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń lò, òun náà ni. Ọ̀dà dúdú tó ń dán tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀, òun náà ni. Tínà wà. Ẹni tí kò lè ra kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tuntun, kó lọ bá àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ara fíríìjì tó ti kú lè fẹ́ airbrush dáadáa, kì í sì í pariwo. Ẹ ha ike náà pẹ̀lú omi láti orí nọ́ńbà tó kéré sí èyí tó pọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má sì fi ìka kàn án mọ́. Ẹ kùn ún ní dúdú. Bí ẹ bá gbé e sábẹ́ iná tẹ́ ẹ ò rí gílóòbù náà kedere nínú rẹ̀, ẹ ò tíì ṣe tán, ẹ tún un há. Ohun tá a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fi nǹkan bo imú, ẹ ṣí fèrèsé, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ò ní àfidípò.

Ojú ọjọ́ náà ní láti bá yín mu. Nígbà ọyẹ́, eruku á bà lé ọ̀dà tútù bí eṣinṣin; ẹ wọ́n omi sílẹ̀ yàrá, ẹ fi abọ́ dé iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Nígbà òjò, ọ̀rinrin á wọnú ọ̀dà, ojú ẹ̀ á funfun bí ojú arúgbó. Ẹ ní sùúrù kí ojúmọ́ tó gbẹ mọ́ ọn yín.

Ohun tó máa wá lọ sórí dúdú náà ńkọ́? Ibi tó ti dun ni jù nìyí. Ẹ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun ọkọ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe èékánná. Wọ́n ní páúdà kúróòmù kan tí wọ́n ń fi ìka tàbí fóòmù kékeré ra mọ́ èékánná, tó ń di dígí lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ fi fáìlì ha èékánná, wọ́n á fi ọ̀dà èékánná kùn ún, dúdú lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á fi èyí tó ń dán lé e, wọ́n á fi iná gbẹ ẹ́, kí wọ́n tó fọwọ́ kan páúdà rárá. Ọmọdébìnrin tí wọ́n ń pè ní aláṣejù yìí ti mọ ohun tí ọ̀gá tó ti ń fín bọ́ńpà láti ogún ọdún ò tíì mọ̀! Páúdà yẹn kan náà ń ṣiṣẹ́ lórí ìdérí táyà Ìjàpá. Fún ìlà tó gùn tó tẹ́ẹ́rẹ́, bíi ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ lo fọ́ìlì: èyí tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, tàbí fọ́ìlì fẹ́lẹ́ inú páálí sìgá tẹ́ ẹ bá rẹ bébà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Ẹ fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́, ẹ fi igi òwú etí tẹ̀ ẹ́ títí á fi bá igun mu, ẹ fi abẹ tó mú gé e. Ó ń dán nítorí pé irin ni. Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ fín kíláà lé kúróòmù tí ẹ fín nítorí kó lè dán sí i. Ńṣe ló máa ń pa á.

Àwọn kejì tó ń bá wa jà ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ owó. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ta ló máa wò ó? Ó ti tó bẹ́ẹ̀." Àwọn yìí ló ń bí wa nínú jù, nítorí wọn ò dúró lórí ọkọ̀ kékeré. Ilé ẹ̀kọ́ kan pè wá pé ká wá bá wọn dájọ́ níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn díje. Ọmọ kan gbé ọkọ̀ agolo wá. Agolo mílíìkì àti agolo sàdín ló fi ṣe é, sìlípáàsì ló gé ṣe táyà. Inú agolo ló yí síta láti fi ṣe bọ́ńpà, ó sì ti fi eérú àti aṣọ dán an títí a fi ń rí eyín ara wa nínú ẹ̀. Ọmọ kejì gbé ọkọ̀ ike tí wọ́n rà wá, wọ́n ti fín sílífà yí i ká láìha nǹkan kan, ojú ìsopọ̀ ike ṣì hàn gbangba lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ rò ó wò, ta ló gba ipò kìíní? Wọ́n ní ti ọmọ àkọ́kọ́ yẹn, pàǹtírí ni. Wọ́n ní ti ìkejì ló "ní finishing". A sọ tẹnu wa, wọn ò gbọ́, wọ́n ní àwọn òbí ti ń dúró de ẹ̀bùn.

Kí ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ́jọ́ náà? Wọ́n kọ́ wọn pé èèyàn lè fo abẹ́ dá, bí òkè bá ṣáà ti ń tàn. Ọmọ tó kọ́ ìyẹn ní ọdún méjìlá á dàgbà, á di kọ́ńtírátọ̀ tó ń kun ògiri tó ti sán láìdí i, tàbí irú ọmọ iṣẹ́ tiwa tó ń ṣe ojú ìwé ayélujára tó rẹwà, tí gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á dà wó lọ́jọ́ tí èèyàn ogún bá jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́: ilé tá a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Àwọn kẹta ní eré ọmọdé ni, kí àgbàlagbà tó kàwé lọ wá nǹkan gidi ṣe. L'Ẹ́dẹ ni wọ́n ti ń sọ èyí? Ìlú tí ọba fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù? Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba láti 1946 di 1975, mọ dùndún lù débi pé òkìkí rẹ̀ kọjá ilẹ̀ yìí, ó sì tún kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá. Kò sẹ́ni tó ní kí Kábíyèsí lọ wá nǹkan gidi ṣe. L'Óṣogbo tó wà lẹ́bàá wa, Aṣírù Ọlátúndé tó ti ìdílé alágbẹ̀dẹ wá fi òòlù lu bàbà àti alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ títí wọ́n fi di àwòrán tí ayé ń wá kiri. Ẹ tún wo Ilé-Ifẹ̀: àwọn tó rọ orí idẹ wọ̀nyẹn mọ̀ pé bí ìda bá ṣe rí ni idẹ á ṣe jáde. Gbogbo jíjọ̀lọ̀ ojú ọba yẹn, ara ìda ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, kí idẹ kankan tó yọ́. Ọ̀rọ̀ abẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ òyìnbó. Tiwa ni, a kàn ti gbé e jù sílẹ̀ ni.

Àtakò kan ṣoṣo ló kù tá a bọ̀wọ̀ fún. Àwọn kan ní kúróòmù tó ń dán bíi dígí ò jọ ti ọkọ̀ tó ń rìn lójú ọ̀nà wa. Ìjàpá tó ti jẹ ẹrẹ̀ àti òjò fún ogójì ọdún, bọ́ńpà rẹ̀ ti ṣá, ó ti ní ojú ìpẹtà, eruku pupa ti wọ gbogbo igun rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ tó ga. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìpẹtà ṣe ń rí lára bọ́ńpà gidi: tótòtó ló máa ń yọ, dídán ṣì wà láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní dígí lọ́wọ́ lè ta ìpẹtà sí i, ó lè fi eruku kùn ún, ó lè pa á kú díẹ̀ níbi tó bá fẹ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti orí eérú ò lè mú dídán jáde láti ibi kankan. Ọkọ̀ tó gbó yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí wọn ò ṣe dáadáa, ojú sì mọ ìyàtọ̀.

Nítorí náà, ohun tá à ń bèèrè ò pọ̀. Ẹ̀yin tó ń ta ọ̀dà, ẹ pe sílífà ní sílífà. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, kẹ́ ẹ tó gbé ìbọn ọ̀dà lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó fi oṣù kan ha nǹkan. Ẹ ní kó kun abẹ́ ní dúdú, kó wá fi ojú ara rẹ̀ hàn yín nínú ẹ̀. Ẹ̀yin adájọ́, bí ọmọ bá gbé iṣẹ́ wá, ẹ yí i, ẹ wo ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ tó wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ti ju ọkọ̀ agolo ọmọ yín sí ààtàn rí, ẹ lọ bá a hú u. Ìwà lẹwà, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí fún ẹni tó bá ń kun àtíkè lé ojú tí kò fọ̀. Ó tó àsìkò ká wí i fún bọ́ńpà náà.